Ọjọ́ Mélòó Ni Kámẹ́rà Yín Lè Rántí? Ẹ̀kọ́ Lórí Pípààrọ̀ Hard Disk Inú DVR

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí àpótí kékeré dúdú kan tí ó ti wọ́pọ̀ báyìí ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ilé ìtajà oògùn àti ní ilé-ẹ̀kọ́ ní àgbègbè wa. DVR ni wọ́n ń pè é. Òun ni àwọn kámẹ́rà tí a kàn mọ́ ògiri ń fi àwòrán ránṣẹ́ sí, òun náà ni ó sì ń tọ́jú àwòrán wọ̀nyí fún ìgbà tí a bá fẹ́ wò wọ́n padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí kámẹ́rà bá ti wà lára ògiri, tí iná pupa rẹ̀ sì ń tàn ní òru, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àwa náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ohun tí a fẹ́ sọ yìí tó ṣẹlẹ̀ sí wa ní Ìdòfin níbí.

Kámẹ́rà mẹ́rin ni a fi sí mọ́sálásí wa: ọ̀kan sí ẹnu ọ̀nà, ọ̀kan sí inú, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ń kó bàtà sí, ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yàrá ẹ̀yìn tí a ń kó ẹrù sí. Nínú yàrá ẹ̀yìn yìí ni ẹ̀rọ agbóhùnsókè tí a fi ń ṣe wàásù ìta wà. A kì í fọwọ́ kàn án àfi tí òde wàásù bá wà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, a fẹ́ lò ó níbi wọ̀límọ̀ àwọn ọmọ ilé kéwú, a ṣí yàrá, a kò rí i. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni ẹnì kan rí i gbẹ̀yìn. Èyí túmọ̀ sí pé ọjọ́ 9 ti wà láàárín.

Gbogbo wa sáré lọ sí ìdí DVR. Ọkàn wa balẹ̀, nítorí a mọ̀ pé ẹni yòówù tí ó bá gbé e, kámẹ́rà ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò ti rí i. A wo Jímọ̀, a wo Ọjọ́bọ̀, a wo Ọjọ́rú, Ìṣẹ́gun àti Ajé. Kò sí ẹni tí ó gbé ẹ̀rọ kankan jáde. A dé alẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwòrán náà sì tán síbẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣáájú rẹ̀. Ọmọkùnrin tí ó mọ̀ nípa ẹ̀rọ náà yíjú sí wa, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò sí níbẹ̀ mọ́ o. Ó ti kọ òmíràn lé e lórí.”

Ohun tí ó dùn wá jù kì í ṣe ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Ọmọ kan wà tí ó ń gbálẹ̀ mọ́sálásí fún wa, kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀yìn a sì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é ní olè lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn ní ìlú tí kò tóbi. Bàbá wa Lẹ́mọ́mù rán wa létí ohun tí ó wà nínú Súrátul-Hujurát nípa wíwádìí ìròyìn kí á tó gbé e kiri, àwọn kan gbọ́, àwọn kan kò gbọ́. Kò pẹ́ tí ọmọ náà kó ìgbálẹ̀ fún wa, tí kò sì wá mọ́. Àwòrán ọjọ́ mẹ́ta péré, láti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí alẹ́ Àìkú, ni ì bá sọ bóyá òun ni tàbí òun kọ́. Àwòrán náà wà nínú àpótí yẹn rí. Hard disk tí ó kéré jù ni ó pa á rẹ́.

Àwọn ará Kwara kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè kọlu àwọn ilé ìfowópamọ́ àti àgọ́ ọlọ́pàá ní Ọ̀fà, tí ènìyàn tí ó lé ní 30 bá a lọ, àwòrán tí kámẹ́rà ilé ìfowópamọ́ gbà wà lára ohun tí àwọn ọlọ́pàá gbé jáde fún aráyé kí wọ́n lè bá wọn dá àwọn oníṣẹ́ ibi náà mọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024 ni ilé ẹjọ́ gíga ní Ìlọrin dájọ́ ikú fún ènìyàn 5 lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwòrán tí kò bá sí ní ìpamọ́ ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

BÍ Ó ṢE Ń GBÀGBÉ

Gbogbo wa tí a lọ sí ilé kéwú ni a mọ wàláà. Bí wàláà bá ti kún, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Bí hard disk inú DVR ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Ó ń kọ àwòrán sílẹ̀ tọ̀sán-tòru; bí ó bá kún, ibi tí ó ti pẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ kọ tuntun lé. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé Áfáà kì í jẹ́ kí ọmọ fọ wàláà kí ó tó há ohun tí ó wà lára rẹ̀ sórí. DVR kì í há nǹkan kan sórí. Bí wàláà rẹ̀ bá ṣe kéré tó ni yóò ṣe tètè máa fọ̀ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Nínú mẹ́nù DVR, níbi tí ètò gbígba àwòrán wà, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n kọ ní Bit Rate. Tiwa jẹ́ 2048 Kbps fún kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in sí ọ̀nà 8, ó di 256. Èyí ni iye KB tí kámẹ́rà kan ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 86,400 ni ó wà nínú ọjọ́ kan. Ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ ó rí i pé kámẹ́rà kan ń jẹ nǹkan bí GB 22 lójúmọ́. Kámẹ́rà mẹ́rin yóò jẹ nǹkan bí GB 88. Hard disk GB 500 ni ó wà nínú àpótí náà láti ọjọ́ tí a ti rà á. Ẹ fi 88 pín 500: ọjọ́ 5 àti ààbọ̀ lé díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi tán ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀rọ náà kò ṣe wá ní jàǹbá o. Àwa ni a kò ṣírò.

Bí ó bá jẹ́ TB 2, ìyẹn GB 2,000, ni a fi síbẹ̀, nǹkan bí ọjọ́ 22 ni ì bá rántí. TB 4 yóò rántí fún ọjọ́ 45. Àwọn DVR tí ó mọ ọ̀nà ìfúnpọ̀ àwòrán tí wọ́n ń pè ní H.265 lè fi nǹkan bí ìdajì àyè tí H.264 ń gbà ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí náà ẹ wo mẹ́nù yín kí ẹ tó náwó; ó lè jẹ́ pé títẹ nǹkan kan péré ni yóò sọ ọjọ́ 5 yín di 10. Àwọn kan a máa ní kí DVR máa gba àwòrán nígbà tí nǹkan bá mira nìkan. Ìyẹn dára ní ilé ìkẹ́rù tí ẹnìkan kì í dé. Ní mọ́sálásí tí fáànù ń fẹ́ kọ́tìnnì tọ̀sán-tòru, kò ní dín nǹkan kan kù.

Ẹ má rò pé àwa ni a kọ́kọ́ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní ọdún 1999 ni àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ra àpótí TiVo àti ReplayTV, tí ó ń gba ètò tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀ sórí hard disk dípò téèpù. TiVo àkọ́kọ́ gba wákàtí 14, èyí tí ó ju ìyẹn lọ gba 30. Kò pẹ́ tí àwọn onílé fúnra wọn fi ń tú u láti fi disk ńlá sí i. Ẹni tí ó bá sì ń ráhùn pé GB 500 kéré, kí ó rántí pé hard disk àkọ́kọ́ láyé, tí ilé-iṣẹ́ IBM gbé jáde ní 1956, tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ lọ, àwo 50 ni ó wà nínú rẹ̀, lẹ́tà mílíọ̀nù 5 péré ni ó sì lè gbà. Fọ́tò kan tí ẹ fi fóònù yà lè máà gba ibẹ̀.

ÈWO NI KÍ Á RÀ?

Hard disk tí a yọ lára kọ̀ǹpútà àtijọ́ yóò wọ inú DVR, yóò sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń sinmi. DVR kì í sinmi. Àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe disk mọ èyí, wọ́n sì ṣe oríṣi kan lọ́tọ̀ fún iṣẹ́ kámẹ́rà. WD Purple jáde ní 2014, Seagate sì gbé SkyHawk jáde ní 2016. Àwọn yìí ni wọ́n ṣe fún kíkọ láìdúró fún wákàtí 24, wọn kì í sì í tètè gbóná. Èyí ni a rà, TB 2. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ oríṣi SATA tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 3.5, àfi tí àpótí yín bá kéré tí ó jẹ́ pé kékeré ti láptọ́ọ̀pù ni ó ń gbà.

Ṣọ́ra fún ògbólógbòó tí a nù dán. Ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà tàbí ní Ìlọrin, ojúlówó wà, èyí tí a ti lò ní ìlú òyìnbó tí a sì lẹ ìwé tuntun mọ́ náà wà. Ọ̀pọ̀ DVR ní ibi kan nínú mẹ́nù tí wọ́n ń pè ní S.M.A.R.T., tí ó ń fi iye wákàtí tí disk ti ṣiṣẹ́ hàn. Disk tuntun kò gbọdọ̀ ju wákàtí díẹ̀ lọ. Bí ẹ bá rí 20,000, ó ti ju ọdún méjì lọ tí ó ti ń sìn ẹlòmíràn. Ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá a jà nítorí pé TB 2 fi 1.81 hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni ilé-iṣẹ́ disk fi ń kà, 1,024 ni ẹ̀rọ fi ń kà. Kò sí èrú níbẹ̀.

Ohun méjì kan wà tí ó ti kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àkọ́kọ́, àwọn DVR àtijọ́ kò lè ka ohun tí ó ju TB 2 lọ. Ẹ wo ìwé tí ó bá tiyín wá kí ẹ má baà ra TB 4 tí yóò di ìlàjì. Èkejì ni ṣájà. DVR kékeré sábà máa ń lo ṣájà vólítì 12, ámípíà 2. Nígbà tí disk ńlá bá ń bẹ̀rẹ̀ sí yí, òun nìkan lè fẹ́ gba nǹkan bí ámípíà 2 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹ bá wá rí i pé DVR ń tan, ń kú, ń tan, ń kú lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ disk, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ, kì í sì í ṣe pé disk bàjẹ́. Ẹ fi ṣájà vólítì 12 kan náà tí ó ní ámípíà tí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ dán an wò.

BÍ A ṢE PÀÀRỌ̀ RẸ̀

Ohun àkọ́kọ́ kì í ṣe skurudíráífà. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ aṣínà DVR náà. A ń sọ èyí nítorí pé ẹni tí ó bá wa fi kámẹ́rà sí kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń wá a kiri. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ronú bóyá ohun kan wà lórí disk àtijọ́ tí ẹ ó nílò. Ẹ fi fíláàṣì tí a ti fọ́máàtì sí FAT32 sí ẹnu DVR, ẹ lọ sí Backup nínú mẹ́nù, ẹ yan ọjọ́ àti wákàtí, ẹ kó o jáde. Ẹ má ṣe rò pé ẹ ó kàn yọ disk náà kí ẹ sì fi í sí kọ̀ǹpútà láti wò ó. Windows kì í sábà mọ bí DVR ṣe ń to nǹkan. Yóò sọ pé disk náà ṣófo, yóò sì béèrè bóyá kí òun fọ́máàtì rẹ̀. Ẹni tí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fọ wàláà náà nìyẹn.

Ẹ pa DVR láti inú mẹ́nù, ẹ má kàn fa wáyà rẹ̀ yọ. Nígbà tí ẹ kò bá gbọ́ ìró yíyí mọ́, ẹ yọ ṣájà. Ẹ fi fóònù ya bí àwọn wáyà ṣe wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ tó tú wọn, kámẹ́rà 1 kò gbọdọ̀ di kámẹ́rà 3. Lásìkò ọyẹ́, tí aṣọ ń ta ṣẹ́ríṣẹ́rí bí a bá bọ́ ọ, ẹ fi ọwọ́ kan irin tí kò ní ọ̀dà lára kí ẹ tó fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ. Iná kékeré ara wa yẹn lè pa nǹkan níbẹ̀. Ẹ tú ìdérí. Skúrù mẹ́rin tí ó di disk mú sábà máa ń wà ní abẹ́ àpótí. Wáyà méjì ni ó wọ inú disk, fẹ́ẹ̀rẹ́ fún iná, tín-ín-rín fún àwòrán. Ẹnu wọn rí bí L, ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n gbà ń wọlé, nítorí náà ẹ má fi tipátipá tì í.

A kò tíì dé ìdérí náà padà tí a fi tan án. A tẹ́tí sí i. Ìró yíyí tí ó ń lọ wẹ́rẹ́ dára. Bí ó bá ń dún kọ́, kọ́, kọ́, bóyá iná kò tó o tàbí kí disk ti bàjẹ́. Nínú mẹ́nù HDD, disk tuntun yóò fara hàn gẹ́gẹ́ bí èyí tí a kò tíì tò. Ẹ yan Initialize. Bí àpótí yín bá gba disk méjì tí àtijọ́ sì ṣì wà níbẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ pé tuntun ni ẹ yàn, nítorí ohun gbogbo tí ó wà lórí èyí tí ẹ bá yàn ni yóò parẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wò ó pé Overwrite wà ní títàn. Bí ó bá wà ní pípa, DVR yóò dúró lọ́jọ́ tí disk bá kún, kò sì ní gba nǹkan kan mọ́.

Kí ẹ tó dìde níbẹ̀, ẹ wo aago. Àwa kò wò ó ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejì ni a rí i pé DVR ń kọ ọdún 2000 sára gbogbo àwòrán. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà lórí pákó inú rẹ̀, CR2032 ni wọ́n ń pè é, òun ni ó ń jẹ́ kí aago máa lọ nígbà tí kò bá sí iná. Tiwa ti kú. Nǹkan kékeré ni, ṣùgbọ́n àwòrán olè tí ó ní ọjọ́ èké lára kò ju ìtàn lọ. Abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2011, tí wọ́n tún ṣe ní 2023, béèrè pé kí a fihàn pé ẹ̀rọ tí ó gbé ẹ̀rí jáde ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò náà, ó sì ní irú ìwé tí ẹni tí ó ń bójú tó o yóò fọwọ́ sí. Lọ́yà ẹnì kejì kò ní wá ohun mìíràn lọ ju aago yẹn. Nítorí náà, a ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a kọ ọjọ́ tí a pààrọ̀ disk, ẹni tí ó ṣe é àti nọ́ńbà ara disk sí i.

Nípa iná: tiwa wà lórí iná oòrùn, kì í kú. Ṣùgbọ́n a mọ àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó jẹ́ NEPA àti jẹnẹrétọ̀ ni DVR wọn ń lò (NEPA ti lọ láti 2005, ẹnu wa ni kò tíì jẹ́ kí ó lọ). Bí iná bá ń já lójijì nígbà tí disk ń kọ̀wé, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ba nǹkan jẹ́. UPS kékeré kan tí ó lè gbé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, títí tí ẹ ó fi tan jẹnẹrétọ̀, yóò dáàbò bo disk tí ẹ fi owó ńlá rà.

Àwọn àgbà wa kan béèrè bóyá kí á tilẹ̀ máa fi kámẹ́rà sí mọ́sálásí. A kò ní dá wọn lẹ́jọ́, nítorí a rí ohun tí wọ́n ń wò. Kò sí kámẹ́rà wa kankan tí ó kọjú sí ibi àlùwàlá tàbí sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ìyá wa. Nígbà tí disk rántí ọjọ́ 5, ọ̀rọ̀ yìí fúyẹ́. Nísinsìnyí tí ó ń rántí ọjọ́ 22, ẹni méjì péré ni ó ní ọ̀rọ̀ aṣínà náà, ọ̀kan nínú wọn kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ẹnì kan nínú wa ń lọ wo ọjọ́ tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí aago sọ, yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé. Àwa mẹ́ta ti lọ sí ilé àwọn òbí ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ gbà wá dáadáa, ó fún wa lómi mu. Ọmọ náà jókòó, kò sọ̀rọ̀. A kò tíì rí ẹ̀rọ agbóhùnsókè títí di òní. Àwọn kan sì ń béèrè lọ́wọ́ wa bóyá a kò lè gbé disk GB 500 náà lọ fún àwọn tí ń hú àwòrán tí ó ti sọnù jáde. Wọ́n lè rí èyí tí a kàn pa rẹ́. Èyí tí a ti kọ òmíràn lé lórí, wọn kò lè rí i. Orí disk náà ni a ń kó wàásù Ràmádánì sí báyìí.